Rírí Ṣáájú Wíwí: Ọ̀rọ̀ lórí Fífi Pẹ́ńsù Ya Ojú Ọmọdé

   Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní ná ẹnikẹ́ni lówó púpọ̀: pẹ́ńsù kan, bébà kan, àti ọmọ kékeré kan tí yóò gbà láti jókòó níwájú yín fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù ya ojú ọmọdé, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí àwọn ènìyàn bá wo àwòrán náà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ èyí tí kò dára nínú rẹ̀. Apá kejì yìí ni ó le jù. Mo ti rí ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn tí ó sì ju pẹ́ńsù sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín ọjọ́ kan péré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa pẹ́ńsù fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ a máa bi mí. Ohun dúdú tí ó wà láàrin igi pẹ́ńsù kì í ṣe òjé, bí àwọn òyìnbó tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Òkúta dúdú rírọ̀ kan tí ń jẹ́ gíráfáìtì ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ amọ̀, tí wọ́n sì sun nínú iná. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas-Jacques Conté, ni ó gbé ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1795. Àwọn amọ̀kòkò wa yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Bí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ́ńsù á le, ìlà rẹ̀ kò sì ní dúdú púpọ̀. Bí amọ̀ bá kéré, á rọ̀, ìlà rẹ̀ á sì dúdú kirikiri. Lẹ́tà H tí ẹ ń rí lára pẹ́ńsù dúró fún èyí tí ó le, B dúró fún èyí tí ó dúdú, HB sì wà láàrin méjèèjì. HB tí ẹ fi ń ṣe ìṣirò tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2B kún un, ó dára. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tìtorí rẹ̀ káwọ́ gbera.

Ó wá ku ọmọ tí a fẹ́ yà. Ẹ má sọ fún ọmọdé pé kí ó má mira, nítorí pé gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni imú yóò bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ẹ fún un ní ẹ̀gúsí kí ó máa bó, tàbí kí ẹnìkan máa pa àlọ́ fún un. Ẹ gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí i lójú. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára. Yóò fi òjìji dúdú sábẹ́ iwájú orí ọmọ, yóò sì mú kí ó fajú ro.

Èdè wa a máa pe ohun méjì ní ojú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa wí ẹyinjú nígbà tí mo bá ń sọ nípa èyí tí a fi ń ríran. Lára àgbàlagbà, bí ẹ bá wọn orí láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ìdajì gan-an ni ẹyinjú wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́ títí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Wọ́n máa ń gbé ẹyinjú sókè jù, nítorí pé ojú àti ẹnu ni wọ́n ń wò, wọ́n gbàgbé pé agbárí wà lókè iwájú orí. Lára ọmọdé ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ìdajì ni ẹyinjú wà. Bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń sún sísàlẹ̀ tó. Ìdí rẹ̀ ni pé agbárí ọmọ a máa tètè dàgbà, nígbà tí egungun imú àti ti àgbọ̀n ń fà bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, orí rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Bí ó bá dàgbà tán, kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Nítorí náà iwájú orí ọmọ a gbòòrò, imú rẹ̀ a kúrú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a kún, ọrùn rẹ̀ a sì tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ orí náà bí ìtì òdòdó. Ẹyinjú kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà púpọ̀ mọ́ bí ara yòókù, òun ni ó ṣe dàbí ẹni pé ó tóbi lójú kékeré.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọ̀ ara, nítorí pé ìwé ayàwòrán tí ó ti òkè òkun wá kì í sábà kọ́ wa ní èyí. Ọmọ wa dúdú, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé kí òun fi pẹ́ńsù kun gbogbo ojú náà ni. Ó kùn ún tán, ojú á pẹlẹbẹ bí wàláà. Ẹ lọ wo ọmọ dúdú tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òróró pa á lára. Iwájú orí rẹ̀ ń dán, orí imú rẹ̀ ń dán, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan sì wà ní ètè ìsàlẹ̀. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun bébà, tàbí kí ẹ fi pẹ́ńsù kàn án fẹ́rẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, lábẹ́ àgbọ̀n, lẹ́yìn etí, ihò imú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ pẹ́ńsù. Dídúdú ọmọ wa kì í ṣe ti èédú. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń dá a padà.

Irun náà ńkọ́? Kí ìlà pẹ́ńsù tọ ọ̀nà tí ọwọ́ onídìrí tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣùkú, gbogbo rẹ̀ ń gun òkè lọ pàdé ní àtàrí. Kòlẹ́sẹ̀ ń ti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi wá. Àríwísí ni a ń pe kí ènìyàn wo iṣẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó sì sọ èyí tí kò gún nínú rẹ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Rírí wà nínú rẹ̀, wíwí wà nínú rẹ̀, rírí ni ó sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àríwísí láàrin wa, wíwí lásán ni. Ẹni tí ń wí i kò tíì rí nǹkan kan. “Kò dára.” “Kò jọ ọ́.” “Ṣé ènìyàn nìyí àbí ọ̀bọ?” Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹni tí ó yàwòrán yóò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Kò sí ibi tí yóò fi rọ́bà pa rẹ́ nínú rẹ̀, àfi kí ó fa gbogbo bébà náà ya.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ìkòkò, ìwé, bàtà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí èyí tí kò lè yà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ya ènìyàn. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ òun kan gbé àwòrán tí òun ya ìyá òun sókè kí gbogbo kíláàsì lè fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà òun kò ya ojú ènìyàn mọ́. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ náà yóò ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí aago àjáde tó lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì ń bọ̀ wá dúró níwájú ogójì ọmọ. Bí kò bá mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọmọ, èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ ni yóò fi kọ́ wọn.

Mo ní kí ó ya ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ tí ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó yà á. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe fún kíláàsì: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó dìde, kí ó lọ fi ìka kan ibi tí ó ń sọ. Ẹni tí kò bá rí ibi tí yóò fi ìka kàn, kí ó jókòó.

Ẹni àkọ́kọ́ ní, “Ìyá àgbà ni ó yà.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ó dára. Ibo ni ìyá àgbà náà wà? Fi hàn wá.” Ó wò ó títí, ó wá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ imú, níbi tí ìlà méjì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ̀rín dá. Ní tòótọ́, nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lójú ọmọ nígbà tí ó bá ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òjìji fẹ́lẹ́ ni, kì í ṣe ìlà. Ẹni tí ó bá tẹ pẹ́ńsù mọ́ ọn ti fi ogójì ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ náà. Ẹnìkejì tí ó dìde jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi wọn orí àwòrán náà láti àtàrí dé àgbọ̀n, ó sì ká bébà náà sí méjì. Ẹyinjú wà lókè ibi tí ó ká. Ó fi han gbogbo wa, ó padà lọ jókòó láìsọ ọ̀rọ̀ kan. N kò tíì rí àríwísí tí ó dára ju èyí lọ.

Ẹnìkẹta ní etí kan ga ju èkejì lọ, kí ó pa á rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti na ọwọ́ sí rọ́bà. Mo ní kí ó dúró ná, kí ó kọ́kọ́ padà tọ ọmọ náà lọ. Ó lọ, ó bá a tí ó ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìṣe rẹ̀. Etí tọ̀nà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mú níbẹ̀ ni pé àríwísí kì í ṣe àṣẹ. Ìbéèrè ni. Ẹ gbé e padà lọ síwájú ẹni tí ẹ ń yà, ojú rẹ̀ ni yóò dájọ́.

Ó ya èkejì. Ó gbé e lọ fún ìyá ẹlẹ́kọ. “Ẹ kú ọjà o, ìyá.” Ìyá nu ọwọ́, ó gbà á, ó sì wò ó pẹ́. “Ọmọ mi ni, tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tóbi tó báyìí o.” Ọ̀dọ́mọkùnrin fi pẹ́ńsù wọn ẹnu ọmọ náà, ó wọn ti àwòrán, ìwọ̀n kan náà ni. Ṣé ìyá ṣì í wò ni? Rárá o. Nígbà tí ó sún ẹyinjú sísàlẹ̀, ó ti imú àti ẹnu sísàlẹ̀ pẹ̀lú, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àgbọ̀n. Àgbọ̀n kúrú jù, ẹnu tí ó wà lórí rẹ̀ wá dàbí ẹni pé ó tóbi. Aláìsàn ni ó mọ ibi tí ń dun òun, oníṣègùn ni yóò wá ohun tí ó fà á. Ẹni tí kò yàwòrán rí a máa mọ̀ pé nǹkan kan kò gún, ohun tí ó bá sì dárúkọ lè má jẹ́ òun gan-an. Ẹ má torí pé orúkọ tí ó pè é kò tọ̀nà kí ẹ sọ pé kò rí nǹkan kan.

Bí wọ́n ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ na ọrùn wo bébà náà, ó ní, “Bọ̀dá, eyín mi tó ká dà?” Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àṣé ó ń fi í yangàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá ti ya ẹnu rẹ̀ ní pípadé nítorí ó ń bẹ̀rù eyín. Ó sì yẹ kí á bẹ̀rù rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fa ìlà sí àárín eyín kọ̀ọ̀kan yóò ya àgbàdo. Ó kàn fi funfun kan sílẹ̀ láàrin ètè, ó sì fi dúdú kékeré kan sí ibi tí eyín ti ká. Àwòrán kẹta yìí ni ìyá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó lọ fi há ògiri.

Òwe wa sọ pé ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá yín wo ẹ̀yìn, ẹ gbé àwòrán yín síwájú dígí, tàbí kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ojú yín ti mọ́ ọn lára bí ẹ ṣe yà á. Nígbà tí ó bá yí padà, ẹyinjú tí ó wọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wú yóò fo jáde. Tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìtàn kan wà nípa Apelles, ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ tí ó ya àwòrán fún Alẹkisáńdà Ńlá. Pliny ará Róòmù ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní Apelles a máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí ìta, á sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ohun tí àwọn tí ń kọjá lọ ń sọ. Oníbàtà kan ní okùn bàtà inú àwòrán kò pé. Apelles tún un ṣe. Ní ọjọ́ kejì oníbàtà rí i pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ òun, inú rẹ̀ dùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí wí ti ẹsẹ̀. Apelles yọjú, ó ní kí oníbàtà má kọjá bàtà. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn gbólóhùn yìí púpọ̀. Ní tèmi, bí Apelles ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú ju ti ọjọ́ kejì lọ. Bí onídìrí bá sọ fún yín pé irun tí ẹ yà kò lè dúró lórí ẹnikẹ́ni, ẹ gbà á kíákíá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí onídìrí kan náà bá ní iwájú orí kéré jù, ẹ tún lọ wò ó. Orí mélòó ni ó ti gbé lé itan rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ rò pé irun nìkan ni ó ń rí?

Ẹni tí yóò wí sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú. Ẹ wo ère ìbejì. Nítorí ọmọ jòjòló tí ó kú ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ ojú àgbàlagbà ni agbẹ́gilére fún un, pẹ̀lú ọmú tàbí irùngbọ̀n nígbà mìíràn, orí rẹ̀ a sì tóbi nítorí ipò tí orí ní lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní kò jọ ọmọ náà ti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ agbẹ́gilére. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń ṣe ohun tí ó jọ ènìyàn. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò títí di òní, tí ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dàbí ti ẹni tí yóò fèsì bí a bá kí i.

Nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn kan ń wí pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya àwòrán tí ó jọ ènìyàn. Wíwí láìrí nìyẹn. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, kò ní olùkọ́. Àwòrán inú ìwé ni ó ń wò tí ó fi ń kọ́ ara rẹ̀. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó, ó sì jọ ọ́. Ní 1920 ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé, kò jókòó ti orúkọ rẹ̀. Ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà. Ó kú ní 1963.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àkókò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá ya àbúrò yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má sọ àwòrán àkọ́kọ́ nù nígbà tí ẹ bá ya èkejì. Ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti iye ọdún ọmọ náà. Albrecht Dürer ará Jámánì wo dígí, ó sì ya ara rẹ̀ ní ọdún 1484, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kì í ṣe pẹ́ńsù ni ó lò. Irin tí wọ́n fi fàdákà ṣe ẹnu rẹ̀ ni, èyí tí ènìyàn kò lè pa ìlà rẹ̀ rẹ́ bí ó bá ṣì í. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣiyèméjì. Nígbà tí ó di ọ̀gá tí òkìkí rẹ̀ kàn, kò dáná sun ún. Ó mú kálàmù, ó sì kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé ara òun ni òun yà nínú dígí ní ọdún náà, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó wà ní ilé ìṣúra Albertina ní ìlú Vienna di òní.